Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ọ̀gbẹ́ni 1.7, Tó Ní Òun Mọ Gbogbo Ìlú

Ọ̀gbẹ́ni 1.7,

Àwọn ìlú tó wà níkàáwọ́ rẹ ńkọ́? Mo gbọ́ pé New York ń jẹ́ orúkọ rẹ, wọ́n ní Rome àti Berlin náà kò jìnnà sí ọ. Má bínú pé mi ò pè ọ́ ní "ẹ̀yin". Ọdún 1994 ni ìwé tó sọ ọ́ di gbajúgbajà jáde, ẹni tí wọ́n bí lójú mi kọ́ ni màá dọ̀bálẹ̀ fún, ì báà jẹ́ nọ́ńbà.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ kò le. Wọ́n ní bí o bá dé ìlú kan, o kì í kí ẹnikẹ́ni, o kì í bèèrè ọ̀nà ààfin. O kàn máa jókòó sórí máàpù, o máa ní, "Èmi ni ìlú yìí." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, jẹ́ kí n fi ọ́ han àwọn tó ń ka lẹ́tà yìí, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé inú rẹ tí wọn ò mọ̀.

Ẹ̀yin ará, báyìí la ṣe ń rí i. Ẹ mú máàpù ìlú kan, ẹ fa ìlà sí i níbùú lóròó títí gbogbo rẹ̀ á fi di àpótí-àpótí. Ẹ ka àwọn àpótí tí ilé wà nínú wọn, ẹ fi àwọn tó ṣófo sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ dín ẹ̀gbẹ́ àpótí kù sí ìdajì, kí ẹ tún wọn kà. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó lọ gbọọrọ lẹ ń kà, iye àpótí á di ìlọ́po méjì: ìyẹn ni à ń pè ní 1. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí ilé kún bámúbámú tí kò sí àlàfo kankan, á di ìlọ́po mẹ́rin: ìyẹn ni 2. Ìlú gidi wà láàárín méjèèjì. Níbi tí Ọ̀gbẹ́ni 1.7 bá ń gbé, bí ẹ bá ṣe ń dín àpótí kù sí ìdajì, bẹ́ẹ̀ ni iye rẹ̀ á máa di ìlọ́po mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó ṣe rí nínú àpótí ńlá ló ṣe máa rí nínú àpótí kékeré. Nǹkan tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fractal.

Ọ̀gbẹ́ni, má rò pé ohun tuntun lo gbé wá bá wa. Nígbà tí àwọn jagunjagun dó sí Ìbàdàn ní nǹkan bí 1829, olórí ogun kọ̀ọ̀kan mú ibi tirẹ̀, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Títí dòní, Olúbàdàn kan ló wà, àwọn ìjòyè yí i ká, mọ́gàjí agboolé pọ̀ ju ìjòyè lọ, ojúlé pọ̀ ju mọ́gàjí lọ, yàrá inú ojúlé ò sì lóǹkà. Wo agboolé àtijọ́ níbikíbi nílẹ̀ Yorùbá: yàrá yí àgbàlá ká. Wo àdúgbò: agboolé yí ojúde ìjòyè ká. Wo ìlú aládé: àdúgbò yí ààfin àti ọjà ọba ká.

Jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní agboolé kan jẹ́ onígun mẹ́rin, a wá pín in sí mẹ́sàn-án, mẹ́ta níbùú, mẹ́ta lóròó. Àárín jẹ́ àgbàlá, mẹ́jọ tó kù jẹ́ ilé. Wọ inú ọ̀kan nínú mẹ́jọ yẹn, tún ṣe bákan náà: àárín ṣófo, mẹ́jọ yí i ká. Bọ́ síta, sọ odindi agboolé náà di ọ̀kan nínú mẹ́jọ tó yí ojúde ká. Ní gbogbo ìgbà tí o bá dín ẹ̀gbẹ́ àpótí kù sí ìdá kan nínú mẹ́ta, iye àpótí á di ìlọ́po mẹ́jọ. Nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.89. Ìwọ kọ́ nìyẹn o, ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Lóòótọ́, kò sí agboolé tó gún régé tó bẹ́ẹ̀, àpẹẹrẹ orí ìwé ni. Ṣùgbọ́n Ron Eglash, ará Amẹ́ríkà tó kọ African Fractals ní 1999, ṣàfihàn irú rẹ̀ ní abúlé àwọn Ba-ila ní Zambia, níbi tí ìrísí ilé ẹbí kan ti ń tún ara rẹ̀ ṣe nínú ìrísí odindi abúlé.

Bin Jiang, onímọ̀ máàpù ọmọ Ṣáínà tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ ní Sweden, kò tilẹ̀ fi dandan lé kíka àpótí. Ó ní ká to nǹkan láti orí ńlá dé orí kékeré, ká wá ìpíndọ́gba wọn, ká wo àwọn tó ju ìpíndọ́gba yẹn lọ. Bí wọ́n bá kéré níye sí àwọn tó kù, ká tún wá ìpíndọ́gba tiwọn, ká tún gé e. Iye ìgbà tí gígé yìí bá ṣeé ṣe ló ń sọ bí fractal náà ṣe jinlẹ̀ tó. Níbi tí kékeré bá ti ń pọ̀ ju ńlá lọ léraléra, fractal ti wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ bí mọ́gàjí ṣe pọ̀ tó lábẹ́ Olúbàdàn kan ṣoṣo kò ní bá a jiyàn.

Wàyí o, jẹ́ ká sọ ti ìdílé rẹ, torí ìgbéraga rẹ yà mí lẹ́nu. Àwọn tó bí ọ kò gbéra ga. Lewis Fry Richardson, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣèwádìí nípa ojú ọjọ́ àti ogun, fẹ́ mọ̀ bóyá gígùn ààlà àárín orílẹ̀-èdè méjì ní ohun tó ń ṣe nínú bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà. Ó ṣí ìwé wò. Sípéènì kọ ọ́ pé ààlà òun àti Pọtogí jẹ́ 987 kìlómítà. Pọtogí kọ 1,214. Ààlà kan náà o! Kò sẹ́ni tó jí ilẹ̀ ẹnì kejì. Ẹni tó fi ọ̀pá gígùn wọ̀n ọ́n fo gbogbo kọ́lọ́fín kọjá, ẹni tó fi ọ̀pá kúkúrú wọ̀n ọ́n sì wọ inú kọ́lọ́fín lọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1967, Benoit Mandelbrot gbé ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn Science. Ó béèrè bí etíkun Bìrìtéènì ṣe gùn tó, ó sì dáhùn fúnra rẹ̀ pé ó kù sọ́wọ́ ọ̀pá tí èèyàn mú dání. Ó fún etíkun ìwọ̀-oòrùn ibẹ̀ ní nǹkan bí 1.25. Ìbátan rẹ nìyẹn. Ní 1975 ló wá fún gbogbo ìdílé yín lórúkọ náà, fractal.

Nígbà tó di 1994, Michael Batty àti Paul Longley gbé ìwé Fractal Cities jáde, Pierre Frankhauser náà gbé tirẹ̀ jáde lédè Faransé lọ́dún kan náà. Batty àti Longley fi hàn pé ní 1820, London wà ní nǹkan bí 1.3, nígbà tó fi máa di 1939, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 1.8. Ọ̀pọ̀ ìlú tí wọ́n tò jọ sínú tábìlì kan ló ń fà sọ́dọ̀ rẹ. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní 1981, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Witten àti Sander, ti fi kọ̀ǹpútà ṣe èérún kéékèèké tó ń rìn gbéregbère títí wọ́n á fi lẹ̀ mọ́ra wọn. Ohun tó hù níbẹ̀ ní ẹ̀ka bí igi, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 1.71. Láti ìgbà yẹn ni orí rẹ ti wú.

Ṣùgbọ́n jẹ́ ká ka tábìlì yẹn dé ìsàlẹ̀. Los Angeles àti Beijing lé ní 1.9. Tokyo kò ju nǹkan bí 1.3 lọ. Tokyo! Ìlú tí ilé ti ń fún ilé lápá! Ṣé o ò rí i ni, àbí o dákẹ́ ni? Máàpù tí wọ́n fi wọn ìlú wọ̀nyẹn kò ti ọwọ́ ẹnì kan wá, ohun tí wọ́n yà sórí wọn kò sì dọ́gba. Lọ́jà wa, kọ́ńgò ìyá kan kì í bá ti ìyá kejì mu. Bí ẹnì kan bá ní òun ra kọ́ńgò ìrẹsì márùn-ún, ohun tá a máa kọ́kọ́ bi í ni pé, kọ́ńgò ta ni? Ìbéèrè tí mo ní fún ìwọ náà nìyẹn.

Wá, jẹ́ ká jọ wọn Ìbàdàn.

Ojú àkọ́kọ́ ni Landsat, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1972 tí àkọ́kọ́ wọn gbéra, ojú kan nínú àwòrán rẹ̀, ìyẹn àpótí tó kéré jù nínú rẹ̀, tó nǹkan bí 80 mítà níbùú àti lóròó. Láti 1982 ló ti ń ya ti 30 mítà. Ọgbọ̀n mítà sí ọgbọ̀n mítà jẹ́ 900 mítà onígun mẹ́rin. Púlọ́ọ̀tì tí à ń rà, 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120, kò ju nǹkan bí 670 lọ. Tó túmọ̀ sí pé ojú Landsat kan ṣoṣo gbé odindi púlọ́ọ̀tì mì: ilé, kànga, ilé adìẹ, okùn aṣọ tí ìyàwó ilé sá, ó tún bu díẹ̀ mọ́ ọn lára ti aládùúgbò. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kó pinnu: ṣé ilé ni àbí igbó? Ẹnu rẹ̀ kò gba "méjèèjì".

Ojú kejì ni ti alẹ́. Àwòrán ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì ológun Amẹ́ríkà yà láti 1992 sí 2013, ojú kan rẹ̀ tó bíi kìlómítà kan, púlọ́ọ̀tì tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan sì lè wọ inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn tún máa ń ṣàn kọjá ibi tó ti wá, débi pé omi ẹ̀bá ìlú ńlá á máa tàn bí ẹni pé èèyàn ń gbé orí rẹ̀. Suomi NPP, sátẹ́láìtì tó gbéra ní 2011, ríran jù ú lọ, kò sì burú, àmọ́ bíi aago kan ààbọ̀ òru ló ń kọjá. Aago kan ààbọ̀ òru! Ta ló fẹ́ máa sun epo nígbà yẹn? Iná ti lọ, wọ́n ti pa jẹnẹrétọ̀, odindi ìdílé ń fi abẹ̀bẹ̀ lé ooru nínú òkùnkùn, ìwọ wá ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ìlú níbẹ̀. Ní Niger Delta ẹ̀wẹ̀, iná gáàsì tó ń jó tọ̀sán tòru máa ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn olùṣèwádìí fi ní láti kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò, kí irà má baà di ìgboro.

Ojú kẹta ni ti ọ̀nà. OpenStreetMap, tó bẹ̀rẹ̀ ní Bìrìtéènì ní 2004, máàpù tí àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ń yà ni. Bí ẹni tó mọ àdúgbò kan kò bá tíì ráyè yà á, bí ẹni pé kò sí àdúgbò náà ló rí. Ti Bódìjà rọrùn: ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló la ọ̀nà ibẹ̀ kí ilé tó dé. Kọ̀ǹpútà á ka ọ̀nà ibẹ̀, inú rẹ̀ á dùn. Wá mú un lọ sí Bẹẹrẹ, sí Ọjà'ba, sí Òjé. Ilé faratilé, ògiri faratógiri, ọ̀nà mọ́tò kò pọ̀, ibi tí ẹlẹ́rù ń gbà ni ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró tó ń yí láàárín ilé. Ẹni tó bá ń ka ọ̀nà mọ́tò nìkan á ní ibẹ̀ ṣófo. Ẹni tó bá ń ka òrùlé á ní ibẹ̀ kún fọ́fọ́. Lójú ọ̀nà, Bẹẹrẹ rù. Lójú òrùlé, Bẹẹrẹ sanra. Ìlú kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni, nọ́ńbà méjì tí wọn ò bára wọn tan. Èwo nínú wọn ni ìwọ?

Ojú kẹrin ni ti òrùlé fúnra rẹ̀. Ní 2021, Google gbé Open Buildings jáde, iṣẹ́ tó ti ibùdó wọn ní Accra wá. Àwòrán tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà ni wọ́n fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ilé mọ̀, àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde sì ní ilé 516 mílíọ̀nù nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú wọn, torí ó rí ilé ìdáná. Síbẹ̀, níbi tí òrùlé bá ti kan òrùlé, kò rọrùn fún un láti mọ ibi tí ti Lágbájá parí sí tí ti Tàmẹ̀dò ti bẹ̀rẹ̀. Páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà náà kò ràn án lọ́wọ́, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti ilẹ̀ pupa tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Àmọ́ òkèèrè tí sátẹ́láìtì ti ń wò wá yìí jìn díẹ̀.

Ká wá ní a ti yan ojú tá a máa fi wò ó. Ibo ni Ìbàdàn parí sí? Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló ní, márùn-ún nínú ìgboro, mẹ́fà yí wọn ká: Akínyẹlé, Ẹgbẹ́dá, Ìdó, Lágelú, Olúyọ̀lé àti Ọ̀nà-Àrà. Fi àpótí rẹ ká márùn-ún ìgboro, wàá rí ilé tó há mọ́ra, nọ́ńbà á sún mọ́ 2. Fi ká mọ́kànlá, oko kòkó àti abúlé á wọlé, nọ́ńbà á wálẹ̀. Ti Èkó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí o bá fi ààlà ìpínlẹ̀ gé e, o ti gé Àkúté àti Alágbọlé dà sí Ògùn, bẹ́ẹ̀ Èkó ni ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ ń jí lọ ṣiṣẹ́. Bí o bá sì kọ́kọ́ fi nǹkan bo gbogbo ibi tó jẹ́ omi, kí ni wàá sọ fún àwọn ará Mákòókò tí ilé wọn dúró lórí òpó nínú ọ̀sà? Àwọn Africapolis, tó ń to ìlú Áfíríkà jọ, kò tilẹ̀ wo ààlà ìjọba. Tiwọn ni pé bí ilé kò bá jìnnà tó 200 mítà síra wọn, tí èèyàn ibẹ̀ sì tó 10,000, ìlú kan ni. Ó kéré tán, wọ́n sọ kọ́ńgò tí wọ́n lò.

Má rò pé mo kórìíra rẹ. Bí wọ́n bá fi ojú kan náà wo ìlú kan náà, nínú férémù kan náà, láti ọdún dé ọdún, o máa ń sọ òtítọ́ tí ẹlòmíràn kò lè sọ: bóyá ìlú ń kún inú ara rẹ̀ ni àbí ó ń ta ká síta. Ohun tí London fi hàn wá nìyẹn láàárín 1820 àti 1939, n kò sì lè fi dù ọ́.

Àmọ́ ibì kan wà tí o fọ́jú sí pátápátá. O mọ bí ilé ṣe kún tó, o ò mọ ibi tí àlàfo wà. Ìlú méjì lè jọ máa jẹ́ orúkọ rẹ, kí ọ̀kan fi etídò sílẹ̀ fún omi, kí ìkejì kọ́lé sí i lórí. Lójú rẹ, ìbejì ni wọ́n. Odò Ògùnpa ní Ìbàdàn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ó wá béèrè àyè rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, omi tún ya wọ Ìbàdàn, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní ọgọ́rùn-ún. Mandelbrot mọ àìlera rẹ yìí, ìdí nìyẹn tó fi ṣètò ìwọ̀n mìíràn fún bí àlàfo ṣe rí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ọ́ ṣètò ìlú wa, ìwọ̀n yẹn ni kó mú wá tẹ̀lé ọ. Ẹni tó ní kí ilé máa há mọ́ra láì sọ ibi tí ojú odò máa gbà, kí ó wá ṣàlàyé fún Ògùnpa fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, bí o bá tún máa wọ ìlú wa, má dá nìkan wá. Mú ojú tí wọ́n fi wò ọ́ wá: ọ̀nà ni, òrùlé ni, àbí iná alẹ́. Mú àpótí tó kéré jù àti èyí tó tóbi jù tí wọ́n lò wá. Mú férémù tí wọ́n fi gé ìlú wá, kó o sì sọ ọdún tí wọ́n ya àwòrán. Láìsí àwọn ẹlẹ́rìí mẹ́rin yìí, nọ́ńbà àlejò ni ọ́, a máa fún ọ lómi mu, a ò ní fún ọ ní yàrá.

Ohun kan ló kù, òun ló sì mú mi kọ lẹ́tà yìí. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan máa gbé àwòrán Landsat 1972 kalẹ̀, á gbé ti Sentinel-2 tì í, sátẹ́láìtì ilẹ̀ Yúróòpù tó ti ń ya àwòrán 10 mítà láti 2015. Á kéde pé nọ́ńbà Ìbàdàn ti yí padà, gbogbo gbọ̀ngàn á pàtẹ́wọ́. Má tíì tẹríba. Àwòrán 10 mítà rí ilé kan ṣoṣo láàárín oko tí ti 80 mítà kò rí. Ó tún rí àgbàlá tí tọ̀hún ti kà mọ́ ilé. Kí ẹnikẹ́ni tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì, nọ́ńbà ti lè lọ sókè tàbí kó wálẹ̀. Sọ fún wọn kí wọ́n kọ́kọ́ ba ojú tuntun yẹn jẹ́ títí á fi rí bàìbàì bíi ti àtijọ́, kí wọ́n wá wọn méjèèjì. Ìgbà yẹn la máa mọ èwo ló dàgbà láàárín wọn: ìlú ni, àbí kámẹ́rà.

Èmi ni,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbé inú àpótí rẹ,
Ìbàdàn.